Òkìkí ti dé, owó ò tíì dé: ẹ jẹ́ ká sòótọ́ nípa iṣẹ́ tíátà yìí

Onitiata_IjebuOde:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ọmọ Alárè, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ náà ẹ kú ìkàlẹ̀. Òṣèré fíìmù ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí, tí mo bá gbé fọ́tò mi síbí ọ̀pọ̀ nínú yín máa pariwo, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbé e. Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé wọ́n fi fídíò òṣèré àgbà kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa, ara bàbá náà ò yá, wọ́n ń bá a tọrọ owó ìtọ́jú, ni àbúrò bàbá mi bá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fi owó wọn ṣe, pẹ̀lú gbogbo owó tí wọ́n ń rí yẹn". Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú eegun. Gbogbo owó wo? Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń wọlé kí ẹ tó bèèrè ibi tó gbà jáde.

Abẹ́ ọ̀gá ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ọ̀gá wa ní ẹgbẹ́, àwa ọmọ ẹgbẹ́ là ń gbálẹ̀, à ń pọnmi, à ń ru jẹnẹrétọ̀, à ń fọ aṣọ tí wọ́n fi ṣeré, tó bá wá ku ẹni tó máa gbé ọtí gba ẹ̀yìn ọba kọjá wọ́n á ní kí n bọ́ síbẹ̀. Wọ́ka-pàásì nìyẹn. Èèyàn lè ṣe wọ́ka-pàásì títí irùngbọ̀n á fi hù lágbọ̀n ẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní gbólóhùn kan sọ. Ọjọ́ tí mo ṣe fírídọ̀mù, ilé wa ló náwó ẹ̀, èmi kọ́ ni wọ́n fún lówó.

Wàyí o, owó. Tí wọ́n bá pè mí sí fíìmù, owó tí wọ́n bá kó lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn náà ni, ó tán síbẹ̀. Nígbà tó jẹ́ fídíò kásẹ́ẹ̀tì àti síídì, mákẹ́tà ní Ìdúmọ̀tà ló ń kó èrè, àwọn tó ń jí i ṣe á kó ìyókù. Ó ti wá di YouTube báyìí, ẹni tó ni ṣánẹ́ẹ̀lì ló lowó. Fíìmù kan wà tó jẹ́ pé ojú mi ló tóbi jù lórí pósítà ẹ̀, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó ti wò ó, kọ́bọ̀ ò tún kàn mí níbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí a ya á tán. Àwọn ọ̀rẹ́ mi á máa fi ránṣẹ́ sí mi, "bùrọ̀dá ẹ ti dolówó o, mílíọ̀nù kan!" Mi ò mọ ohun tí màá fi dá wọn lóhùn.

Apá kan tún wà tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta ò mọ̀. Àìmọye fíìmù la máa ń ṣe fún ara wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹlẹgbẹ́ mi á pè mí, "ẹ wá bá mi ṣe síìnì méjì", á fún mi lówó epo ọkọ̀, nígbà tí tèmi bá dé èmi náà á pè é. Ìfẹ́ ni o, mi ò bú u, òun ló gbé iṣẹ́ yìí dúró dòní, torí ká ní gbogbo wa ń gba iye tó yẹ ni fíìmù Yorùbá ò bá ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Àmọ́ ìfẹ́ ò san owó iléèwé.

Aṣọ náà ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ lokéṣọ̀n, àwa fúnra wa là ń kó aṣọ lọ. Tí wọ́n bá ní olówó lo máa ṣe, ìwọ lo máa wá agbádá olówó. Báàgì kan wà nílé mi tí n kì í tú, léèsì wà nínú ẹ̀, fìlà wà nínú ẹ̀, bàtà, gíláàsì dúdú, ìlẹ̀kẹ̀ tí mo fi ń ṣe ọba, ìrùkẹ̀rẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Léèsì aláwọ̀ ewé kan wà táwọn òǹwòran ti dá mọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ fíìmù pé "aṣọ yìí náà ló tún wọ̀". Wọn ò mọ̀ pé gbèsè léèsì yẹn ṣì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi nígbà tí mo fi ya fíìmù kẹta.

Òkìkí wá ńkọ́? Òkìkí wà! Tí mo bá wọ Òkè-Ajé lọ ra ata, iye tí wọ́n á pè fún mi yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà níwájú mi, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú tẹlifíṣọ̀n". Mi ò lè gun ọ̀kadà mọ́, kì í ṣe ìgbéraga, tí mo bá gùn ún ẹnìkan á yà mí, ó di Facebook, "ẹ wo bí òṣèré yìí ṣe dà". Torí náà màá fi owó tí mi ò ní wọ táksí, nítorí ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tí ò sì mọ̀ mí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ariwo ni aráyé fi ń sanwó fún wa, ẹni tó ni fíìmù ló ń jẹun. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?

Abike_Sagamu:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Obì ni mò ń tà ní Ṣágámù níbí, tí mo bá ti ń dúró de oníbàárà Instagram ni mo máa ń wò. Òṣèré yìí gbé mọ́tò tuntun síbẹ̀, tọ̀hún ń ṣí ilé, ìkan ń ṣe ọjọ́ìbí, kéèkì ga ju ọmọ tó ń gé e lọ. Ta ló wá fẹ́ sọ fún wa pé kò sówó níbẹ̀? Ẹ̀yin náà lẹ fi hàn wá, a wò ó, a gbà á gbọ́.

Onitiata_IjebuOde:

Àbúrò mi, òótọ́ lo sọ, mi ò ní jà ọ́ níyàn. Àwọn kan wà tí wọ́n lówó gidi láàárín wa. Wàá rí i pé àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n ni ṣánẹ́ẹ̀lì, tàbí tí ilé-iṣẹ́ ń lò fún ìpolówó, tàbí tí wọ́n ní iṣẹ́ míì lẹ́yìn tíátà. Àwa yòókù, mọ́tò àyálò ń bẹ láàárín wa. Ìdí ẹ̀ sì rèé: pùrodúsà tó bá ń wá ẹni tó máa ṣe olówó, ẹni tó bá jọ olówó ló máa pè. Tí o bá wá ọ̀kadà dé lokéṣọ̀n pẹ̀lú aṣọ tó ti ṣá, tẹ́nìkan ò bá tiẹ̀ sọ ọ́ sí ẹ létí, owó ẹ ti dínkù. Èyí tí wọ́n ń gbé sórí Instagram yẹn, iṣẹ́ ni fún ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ń fi wá iṣẹ́ mìíràn ni.

Telo_Iperu:

Mo fara mọ́ èyí. Mo rán agbádá fún òṣèré kan rí, nígbà tó yá tó yẹ kó san ìyókù owó, ó ní òun máa dárúkọ mi lórí ojú ìwé òun dípò owó náà. Inú bí mi, àmọ́ mo gbà. Àwọn oníbàárà sì wá o, láti Ìlíṣàn, láti Ṣágámù, ìkan wá láti Ìkòròdú. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ó rẹ́ mi jẹ tàbí ó ràn mí lọ́wọ́.

Alagba_Odogbolu:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o ẹ̀yin ọmọ mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Òdogbolú ni mo wà, Òsósà ò jìnnà sí wa rárá, torí náà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ tíátà èmi kì í lè dákẹ́.

Ìlú wa níbí ni iṣẹ́ yìí ti gbérí. Hubert Ògúndé, 1916 ni wọ́n bí i ní Òsósà, ọlọ́pàá ni kó tó di òṣèré. Ní 1944 tó kọ́kọ́ gbé eré jáde l'Ékòó, aṣọ ọlọ́pàá ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Nígbà yẹn alágbe ni wọ́n ń pe òṣèré, kò sí ilé tó fẹ́ kí ọmọ wọn obìnrin lọ máa jó lórí pèpéle, ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń bá a ṣeré fi di ìyàwó ẹ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ àwọn ìyàwó yẹn ni òpó ẹgbẹ́, àwọn ló ń kọrin, àwọn ló ń jó, àwọn ló ń bójú tó aṣọ. Ní 1964 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ náà pé wọn ò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ nílẹ̀ wa torí ó fi eré bá àwọn olóṣèlú wí, ó di 1966 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹni tó jẹ́ pé eré ló fi ń bọ́ ogunlọ́gọ̀ èèyàn, wọ́n ní kó má ṣeré.

Mo ṣì kéré nígbà tí mọ́tò wọn máa ń wọ̀lú. Ẹ ò tíì rí mọ́tò náà kẹ́ ẹ tó gbọ́ ohùn ẹ̀, àwọn ọmọ á ti máa sáré tẹ̀lé e, wọ́n á lẹ pósítà mọ́ ògiri gbọ̀ngán, wọ́n á ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà fúnra wọn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Bàbá yẹn ló ni eré, òun ló ni mọ́tò, òun ló ni àpótí owó tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó bọ́ sídìí fíìmù ní 1979, títí dé ìkẹrin tó jáde ní 1988, wọn ò já fíìmù lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, wọ́n ń gbé e kiri ìlú fúnra wọn ni. London ló kú sí ní April 1990, Òsósà ni wọ́n gbé e wá sin sí, ilé ẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń wá wo ohun ìrántí báyìí. Ọmọ mi, òkìkí tirẹ̀ náà pariwo, àmọ́ àpótí owó wà lọ́dọ̀ ẹ̀.

Akanni_Edito:

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un. Bàbá Sàlá, Moses Ọláìyá ọmọ Iléṣà, òun náà ló ni fíìmù ẹ̀, owó báńkì ló fi ya èyí tó gbé jáde ní 1982, àwọn olè jí i ṣe, wọ́n ń ta á káàkiri, gbèsè yẹn wọ̀ ọ́ lọ́rùn fún ọdún gbọọrọ. Gbogbo Nàìjíríà mọ̀ ọ́n nígbà tó ń jìyà yẹn o! Kò sí ibi tó dé tí wọn kì í rẹ́rìn-ín kó tó lanu. Torí náà kéèyàn ni fíìmù nìkan ò tó, kó tún rí i dì mú.

Alagba_Odogbolu:

Òótọ́ ni, Àkànní. Mo rántí ẹ̀ dáadáa. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Egbe_Ojude:

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín àmọ́ màá sọ èrò tèmi. Ọmọ Ìjẹ̀bú kì í sunkún owó níta. Ẹni tó bá ti gbajúmọ̀, àṣà wa ni kó náwó, kí ìlú rí i. Ọjọ́ kẹta Iléyá tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí wa, bá ń kọjá lójúde ọba, tí ẹlẹ́ṣin ń yọ, tẹ́ ẹ bá wọ aṣọ ẹgbẹ́ yín tẹ́ ẹ jáde, àwa là ń yangàn pé "tiwa nìyẹn". Ní 2024 gbogbo ayé rí Farooq Oreagba lórí ẹṣin, fọ́tò lásán ló sọ ọ́ di ẹni tí òkè-òkun mọ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Òkìkí jẹ́ nǹkan ńlá fún ilẹ̀ wa. Kí ló dé tí ẹ̀yin ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹrù ni?

Onitiata_IjebuOde:

Bùrọ̀dá, ẹrù ni fún ẹni tí kò ní ohun tó máa fi gbé e. Ẹni tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, ó ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹṣin tó gbé e dé ojú ayé, kì í ṣe fọ́tò yẹn ló ń bọ́ ọ. Èmi, ojú mi yìí ni iṣẹ́ mi.

Mo fẹ́ràn Ojúde Ọba, inú mi máa ń dùn débi pé ara mi á máa bù mọ́ mi. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń lọ. Aṣọ ẹgbẹ́ wà láti rà, ìdáwó wà, ọjọ́ méjì sí i ẹnìkan ń ṣe ìsìnkú ní Ìmùṣin, ẹlòmíì ń gbé ìyàwó ní Àgọ́-Ìwòyè, gbogbo wọn á pè mí, alága ìdúró á mú máíkù, "a rí gbajúmọ̀ òṣèré wa níbí!", olórin á kọjú sí mi, gbogbo ojú á yí padà. Kí ni wọ́n ń retí? Kí n dìde kí n máa fọ́n owó. Ṣé ẹ mọ̀ pé òfin ò gbà á pàápàá? Ní 2024 ilé-ẹjọ́ kan l'Ékòó rán òṣèré obìnrin kan ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san owó ìtanràn, torí ó fọ́n náírà ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lóde àríyá. Owó tí ò tó mi jẹun, wọ́n fẹ́ kí n fọ́n ọn, kí n tún lọ sẹ́wọ̀n nítorí ẹ̀. Tí mo bá jókòó mi ò dìde, wọ́n á ní ahun ni mí, "òun náà ń ṣe Ìjẹ̀bú". Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é?

Iya_Ibeji_IjebuIgbo:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mo ní kí n má sọ̀rọ̀, àmọ́ kò gbà mí.

Ìyàwó òṣèré ni mí, Ìjẹ̀bú-Igbó la ń gbé. Ọkọ mi ni wọ́n máa ń pè tí wọ́n bá ń wá babaláwo burúkú, ẹni tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe owó, ojú ẹ̀ àti ohùn ẹ̀ ló bá a mu, kò sí ẹni tó ń ronú pé kí wọ́n fún un ní bàbá rere ṣe. Ọkùnrin yìí kì í lè pa adìẹ nílé o, èmi ni mo ń pa á, á bọ́ síta títí màá fi parí. Mo lọ mú àwọn ọmọ níléèwé lọ́jọ́ kan, ìyá kan fa ọmọ ẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ mi, ó fi iborùn bo ọmọ náà lójú, ó rò pé mi ò rí òun. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Kẹ́hìndé bi mí bóyá lóòótọ́ ni bàbá àwọn ní àdó nínú yàrá. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín nígbà tó bèèrè ẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ ni.

Ilé tí a fẹ́ gbà lápá Òkè-Ṣópin, onílé ti gbowó lọ́wọ́ mi, a ti ń dì ẹrù, ọjọ́ tó rí ọkọ mi lójú ló dá owó wa padà. Ó ní kì í ṣe òun, ìyàwó òun ló ń bẹ̀rù. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ó ní kí n ka owó náà bóyá ó pé. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, tí ẹ bá wo fíìmù tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tán. Ẹni tó ṣe ìkà nínú ẹ̀ ní ọmọ tó ń lọ sí iléèwé tí ọmọ yín ń lọ.

Abike_Sagamu:

Màámi, omi bọ́ lójú mi níbi tí mo jókòó sí. Ẹ bá mi kí bàbá ìbejì. Ẹ sọ fún wọn pé èmi tí mo máa ń ṣépè fún wọn nínú fíìmù, mo ń kí wọn.

Iya_Ibeji_IjebuIgbo:

Wọ́n gbọ́ o, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ máa ṣépè náà lọ, pé tẹ́ ẹ bá ti ń ṣépè iṣẹ́ ti yọrí nìyẹn.

Ijebu_Peckham:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tá a wà ní London níbí, fíìmù Yorùbá lórí YouTube ló ń bá wa gbé nígbà òtútù. Mo máa ń jẹ́ kí ìpolówó tó wà nínú ẹ̀ parí torí mo rò pé mo ń ran ẹ̀yin òṣèré lọ́wọ́. Ṣé ohun tẹ́ ẹ wá ń sọ ni pé kò dé ọwọ́ yín rárá?

Akanni_Edito:

Ẹ̀gbọ́n Peckham, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, iṣẹ́ mi nìyẹn, èmi ni mò ń gé fíìmù tí mo sì ń bá àwọn kan bójú tó ṣánẹ́ẹ̀lì. YouTube ò mọ òṣèré kankan, ẹni tó ni ṣánẹ́ẹ̀lì ló mọ̀. Kí ṣánẹ́ẹ̀lì tó lè máa gba owó ìpolówó ó gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ̀rún kan (1,000) èèyàn tó fi orúkọ sílẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n sì ti wò ó fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù méjìlá. Lẹ́yìn náà, ibi tí òǹwòran wà ló ń sọ iye tí ìpolówó máa mú wá, ẹni tó bá wò ó láti London tàbí Amẹ́ríkà ń mú owó wá fíìfíì ju ẹni tó wò ó ní Ìjẹ̀bú lọ, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún gan-an lẹ̀ ń gbé ṣánẹ́ẹ̀lì wa ró. Owó náà ń wọlé. Ó kàn jẹ́ pé àdéhùn tó máa gbé e dé ọwọ́ òṣèré ni kì í sí.

Mo sì gbọ́dọ̀ gbèjà pùrodúsà náà díẹ̀. Òun ló ń yá owó, òun ló ń san owó kámẹ́rà, iná, oúnjẹ, ilé tí wọ́n ti yà á, epo jẹnẹrétọ̀ tó ti gbówó lórí báyìí, tí fíìmù bá sì ṣubú òun nìkan ló ṣubú. Èyí ò sọ pé kí òṣèré má ní ìdá kankan nígbà tó bá yọrí o. Òfin ẹ̀tọ́ àṣẹ-oníṣẹ́ tuntun ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2022, mẹ́nu ba ẹ̀tọ́ òṣèré lórí ohun tó ṣe, àmọ́ ta ló ń kà á? Ẹnu la fi ń ṣàdéhùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá, a máa rí ara wa." A máa rí ara wa yẹn ló ń pa òṣèré.

Omo_OOU:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Àgọ́-Ìwòyè ni mo wà, ọdún kẹta ni mo wà níléèwé. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi fóònù ṣe sikíìtì, àwọn èèyàn ti ń dá mi mọ̀ ní géètì, ọ̀gá kan sì ní kí n wá sí ẹgbẹ́ òun l'Ékòó, pé tí mo bá fi iléèwé sílẹ̀ lọ́dún yìí òun máa sọ mí di ìràwọ̀. Ẹ̀gbọ́n onítíátà, kí ni kí n ṣe? Ọkàn mi wà níbẹ̀ gan-an.

Onitiata_IjebuOde:

Àbúrò, má fi iléèwé sílẹ̀. Mi ò sọ pé má ṣe tíátà o, tó bá wà lẹ́jẹ̀ ẹ wàá ṣe é, kò sẹ́ni tó lè dá ẹ dúró. Ọ̀gá tó bá fẹ́ràn ẹ á dúró dè ẹ́ títí di ìsinmi. Èyí tó bá ní àfi kó o fi ìwé sílẹ̀ kó tó lè kọ́ ẹ, ọmọ tó máa pọn omi fún un ló ń wá.

Sikíìtì tẹ́ ẹ ń ṣe yẹn, ta ló ni ṣánẹ́ẹ̀lì ẹ̀? Ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí tí owó ò tíì wọlé, ẹni báyìí ló ni ìdá báyìí. Ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ ó máa rò pé ọ̀rẹ́ ni yín. Mo ti rí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹ gààrí Ìjẹ̀bú nínú abọ́ kan tí wọn ò kí ara wọn mọ́ lónìí nítorí ṣánẹ́ẹ̀lì.

O bi mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n á ní kí n dé lokéṣọ̀n, ó lè di aago méjì òru kí síìnì mi tó kàn. Wọ́n á pa jẹnẹrétọ̀ torí ohùn, fáànù á kú, òógùn á máa wẹ̀ mí lábẹ́ agbádá, ẹ̀fọn á máa jẹ mí lẹ́sẹ̀ mi ò sì gbọdọ̀ mira. Dáírẹ́kítọ̀ á ní "ó yá". Ọmọ tó ń ṣe ọmọ mi nínú fíìmù náà á wolẹ̀ sunkún, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í ṣe ti ìwé, ekún tèmi gan-an, nígbà tí wọ́n bá ní "ó ti tó" ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó ń gbé iná dúró pàápàá á máa nu ojú. Lálẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́la, màá wá. Wọ́n mọ̀ pé màá wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí wa mú.

Omo_OOU:

Ẹ ṣeun sà. Mo ti ké sí àwọn ọ̀rẹ́ mi, a máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Abike_Sagamu:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú o, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ṣé ẹ ní owó ìfẹ̀yìntì?

Onitiata_IjebuOde:

Owó ìfẹ̀yìntì kẹ̀? Ta ló máa san án fún mi? Èmi tí mi ò ní ọ̀gá.

Abike_Sagamu:

Èmi náà ò ní ọ̀gá, obì ni mò ń tà. Láti 2019 ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti dá ọ̀kan sílẹ̀ fún irú àwa yìí, micro pension ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, èmi wà níbẹ̀. Iye tí ọwọ́ mi bá ká ni mò ń san, nígbà tí ọjà bá dá mo máa ń dákẹ́, kò sẹ́ni tó ń yọ mí lẹ́nu. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n pín in sí méjì: 40 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ, mo lè yọ ọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 60 yòókù dúró di ọjọ́ ogbó. Mo tún ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ wa, torí a kì í gbé gbogbo ẹyin sí ojú kan. Ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìpínlẹ̀ Ògùn náà wà, ẹ lọ bèèrè. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín sọ ọ́ ní ìpàdé yín. Fídíò bàbá yẹn, èmi náà wò ó, mo fi ohun tí mo ní ránṣẹ́, àmọ́ inú mi bàjẹ́ pé ẹni tó pa mí lẹ́rìn-ín láti kékeré jókòó síwájú fóònù tó ń bẹ̀ mí.

Onitiata_IjebuOde:

Abíkẹ́, Ọlọ́run á bù sí ọjà ẹ. Mi ò gbọ́ ọ rí, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa rí. Màá gbé e lọ sí ìpàdé. Àwa tá a wà ní sàkáání Ìjẹ̀bú yìí la máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Àkànní, o sọ̀rọ̀ àdéhùn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo ní iṣẹ́ kan lápá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ni pùrodúsà, èmi ni olórí eré. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ tí kò fi ní dà bíi pé mo ń bá a jà?

Akanni_Edito:

Ẹ kọ ọ́ lójú ìwé kan péré, lédè Yorùbá tó bá wù yín. Orúkọ fíìmù, orúkọ yín àti tirẹ̀. Iye owó iṣẹ́, ìgbà tó máa san án. Lẹ́yìn náà ìlà tó ṣe pàtàkì: "Owó yòówù tó bá wọlé lórí fíìmù yìí láti YouTube tàbí ibòmíràn, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó tí a ná lé e, òṣèré yìí ní ìdá báyìí nínú ẹ̀ fún ọdún báyìí, a ó sì máa fi àkọsílẹ̀ hàn án ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta." Ẹ má gbàgbé àkọsílẹ̀ yẹn, torí ẹni tí kò bá rí ìwé, "a ò tíì jèrè" ni wọ́n á máa sọ fún un títí láé. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé tí wọ́n bá fi ojú yín ṣe ìpolówó nǹkan mìíràn, owó tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹlẹ́rìí méjì, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i.

Ẹ má sì jẹ́ kó di Mọ́ńdè o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí i lónìí kó tó pín owó tán, torí lójú lokéṣọ̀n, níwájú gbogbo èèyàn, ó máa dà bíi pé ẹ fẹ́ dójú tì í.

Iya_Ibeji_IjebuIgbo:

Àkànní, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún tiwa náà. Ẹ ṣé.

Egbe_Ojude:

Ẹ̀gbọ́n onítíátà, mo ti ka gbogbo ẹ̀ tán. Ní ti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, màá bá àwọn ẹgbẹ́ mi sọ ọ́ pé tí ẹ bá bá wa jókòó lóde, kí olórin má máa pe orúkọ yín. Kẹ́ ẹ kàn wá jẹun.

Onitiata_IjebuOde:

Ẹ ṣeun bùrọ̀dá, inú mi dùn sí ìyẹn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí pùrodúsà lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, mo rí i pé ó ti kà á. Ó wá pè mí, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ta ló kọ́ yín ní èyí?" Mo ní àwọn èèyàn mi ni. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni mo bèèrè, ó ní márùn-ún lòun lè fún mi, fún ọdún méjì, òun sì máa dín owó iṣẹ́ mi kù díẹ̀ torí ẹ̀. A fà á síbí a fà á sọ́hùn-ún. Mo gba márùn-ún, mo ní kó jẹ́ ọdún mẹ́ta, ó gbà. Ní ti àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó ní àfi kí n fún òun láyè kí òun bi ẹni tó ń bójú tó ṣánẹ́ẹ̀lì léèrè. Mo ní kó bèèrè, mi ò ní fọwọ́ sí i títí yóò fi dáhùn.